Ṣé Òfin Lè Gba Àdìrẹ Màmá Mi Lọ́wọ́ Aṣọ Ṣáínà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìtọ́kú, l'Abẹ́òkúta, ni màmá mi ti ń ṣe àdìrẹ. Ìyá wọn ló kọ́ wọn. Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọjà wọn ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ló kún ibẹ̀, àwòrán tiwa náà ló wà lára ẹ̀, owó ẹ̀ kò sì tó ìdajì tiwọn. Wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ jáwọ́. Ṣé kò sí òfin tó lè dáàbò bo irú wọn ni? Ta ló ni àdìrẹ gan-an?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú ìrọ́jú. Bá mi kí màmá rẹ dáadáa. Sọ fún wọn pé aláró ni ìyá tó bí ìyá mi. Òṣogbo ni wọ́n ti ṣe é, títí ọlọ́jọ́ sì fi dé, èékánná wọn kò padà sí àwọ̀ tí wọ́n bí mọ́ wọn. Agbẹjọ́rò ni mí, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Mo ti dáhùn irú ìbéèrè rẹ yìí rí, kò sì tíì sú mi, torí mi ò fẹ́ kí màmá rẹ jáwọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó o parí ọ̀rọ̀ sí: ta ló ni àdìrẹ? Bó o bá bi Yorùbá èyíkéyìí, á ní àwọn ìyá wa ló ni ín. Bó o bá bi ìwé òfin, ìdáhùn rẹ̀ á yà ọ́ lẹ́nu. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ (copyright) ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dárúkọ iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀, ó sì ka aṣọ ìbílẹ̀ mọ́ ọn. Òfin ọdún 1988 tó wà ṣáájú rẹ̀ náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti fi ṣòwò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ta ni yóò ti gbà á? Òfin ò rán an sí Ìtọ́kú, kò rán an sí ààfin Aláké, kò rán an sí ẹgbẹ́ aláró kankan. Ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, l'Ábùjá, ló rán an lọ. Ìjọba ni òfin fi ṣe alágbàtọ́ ọmọ náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí i wá dúró síta, ẹ ń wo ojú fèrèsé.

Inú mi kì í dùn bí mo bá dé ibi yìí. Ní ọdún 2007, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ìkéde ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀, orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ni kò dìbò bẹ́ẹ̀ ni, tí wọn ò sì dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́. Nàìjíríà wà nínú wọn. Abala 31 ìkéde yẹn ló sì sọ ohun tí màmá rẹ ń wá: pé àwọn tó ni àṣà kan ló ni àṣẹ lórí ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọnà tó ti inú àṣà náà jáde.

Ìṣòro kejì wà. Àwọn àwòrán àtijọ́ ò ní ẹnì kan tó lè na ọwọ́ sókè pé èmi ni mo kọ́kọ́ yà á. Wo Ìbàdàndùn. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀, ọdún 1929 sì ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn yẹn, nítorí náà kò lè pẹ́ ju ayé àwọn ìyá ìyá wa lọ. Wo Ọlọ́ba: àwòrán ọba àti olorì Gẹ̀ẹ́sì ni, láti ara ayẹyẹ jubilí wọn ní ọdún 1935. Aláró kan rí i, ó wù ú, ó gbé e sórí aṣọ, àwọn yòókù kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, kò sẹ́ni tó pe ẹnì kejì lẹ́jọ́. Aṣọ funfun tí wọ́n ń pa láró náà, tẹ́ru, Manchester ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń bọ̀ nígbà yẹn. Mo ń sọ eléyìí fún ọ kí ẹnì kan má baà fi dẹ́rù bà ọ́ lọ́jọ́ iwájú. Bó o bá gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, agbẹjọ́rò tó wà ní òdìkejì á dìde, á ní: ṣebí òyìnbó ló hun aṣọ yín, ọba òyìnbó ló wà lórí rẹ̀, kí lẹ wá ń pè ní tìbílẹ̀? Ohun tí wàá dá a lóhùn ni pé tìbílẹ̀ wà nínú ọwọ́: ìko tí wọ́n fi dì í, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán an, ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ kọ sí i lára, ìkòkò aró tí ewé èlú àti omi eérú ti kan pọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Àwòrán lè ti ibikíbi wá.

Fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ràn mi dúró lé. Àwòrán ni àwọn oníléeṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn kó. Bẹ́ ẹ bá ń lé àwòrán, yóò rẹ̀ yín lọ́nà. Irọ́ ni kẹ́ ẹ gbá mú.

Mo lọ sí ìgbéyàwó kan n'Ìbàdàn. Àdìrẹ ni wọ́n fi ṣe aṣọ ẹbí, wọ́n sì gba owó àdìrẹ gidi lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ìyá àgbà kan jókòó tì mí. Mo rí ẹ̀kán aró kékeré kan ní èjìká wọn, bí ìgbà tí ẹ̀kọ sá lára aṣọ tí aró sì gba ibẹ̀ wọlé, ó ní ìrù díẹ̀ lápá òsì. Irú ẹ̀kán bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi, torí ibi tí ọwọ́ ti yẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n na apá gba omi, mo rí ẹ̀kán yẹn kan náà ní ìgbọ̀nwọ́ wọn, pẹ̀lú ìrù rẹ̀. Mo wo ìró, ó wà níbẹ̀. Mo wo gèlè ẹni tó wà níwájú wa, òun náà nìyẹn. Ẹ̀rọ ti tẹ àṣìṣe aláró kan, ó tẹ̀ ẹ́ lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀pá. Obìnrin kan wà níbì kan tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n gba àwòrán aṣọ rẹ̀, wọ́n sì kó o lọ pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Báyìí ni wàá ṣe dá a mọ̀, kó o sì kọ́ àwọn oníbàárà màmá rẹ. Yí aṣọ padà. Aró máa ń wọ aṣọ dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sábà dúdú tó ti iwájú. Bó bá jẹ́ alábẹ́rẹ́, wá ojú ihò abẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ oníko, fọwọ́ ra á, wàá rí ibi tí ó ti sunjọ tí kò tíì nà tán. Lẹ́yìn náà, wá àṣìṣe kan, kó o wò ó bóyá ó tún padà wá níwájú.

Ó yá, ká padà sí òfin. Ní Australia, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní Aborigine, ti rí ohun tí màmá rẹ ń rí yìí. Ilé-iṣẹ́ kan tẹ àwòrán àwọn ayàwòrán wọn sórí kápẹ́ẹ̀tì ní Vietnam, ó kó o wọ Perth. Ní ọdún 1994, kóòtù dá àwọn ayàwòrán náà láre, ó sì bu owó lé e nítorí ìtìjú tí ọ̀rọ̀ náà kó bá wọn láàárín àwọn èèyàn wọn. Ṣùgbọ́n àwòrán tó ní olúwa rẹ̀ nìyẹn, àwọn tó yà á ni wọ́n pẹjọ́ tàbí ẹbí wọn. Ẹjọ́ tó jọ tiyín jù ni ti ilé-iṣẹ́ Birubi Art. Indonesia ni wọ́n ti ń ṣe bumaráńgì àti fèrè wọn, wọ́n wá ń tà á bí ẹni pé ọwọ́ Aborigine ló ṣe é. Ìjọba ò bá wọn jà lórí àwòrán rárá. Òfin ààbò oníbàárà ni wọ́n lò: ẹ purọ́ fún ẹni tó ra ọjà. Ní ọdún 2019, kóòtù bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 2.3 dọ́là Australia lé wọn. Ilé-iṣẹ́ náà ti wọko gbèsè kí ọjọ́ ìdájọ́ tó pé, ṣùgbọ́n àwọn alátùúntà tó kù gbọ́.

Amẹ́ríkà náà gba ọ̀nà kan náà. Wọ́n ṣe òfin kan ní ọdún 1990 pé ẹnikẹ́ni tó bá ta ọjà, tó sì sọ pé ọwọ́ àwọn Índíà Amẹ́ríkà, ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà, ló ṣe é, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, ọ̀daràn ni. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, ó lè sanwó tó 250,000 dọ́là, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Òfin yẹn wà lára ohun tí ìjọba àwọn Navajo, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà náà, fi pe ilé-iṣẹ́ aṣọ Urban Outfitters lẹ́jọ́ ní ọdún 2012, nítorí pé wọ́n ń kọ orúkọ Navajo sára ọjà wọn. Wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn ní ọdún 2016.

Àwa náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀ nílé. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ò gbà kí oníṣòwò purọ́ nípa ibi tí ọjà ti wá tàbí bí wọ́n ṣe ṣe é. FCCPC ni àjọ tó ń mú un ṣẹ. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ kó o wo ibi tí irọ́ wà. Ìyá tó tẹ́ aṣọ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ọjà, tó ní "àdìrẹ Ṣáínà rèé o", kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ wọn sì ni aládùúgbò màmá rẹ, tí òun náà ń wá owó ilé ìwé ọmọ. Ẹ má bá a jà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni irọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gbé e sí ìsọ̀ ńlá l'Ékòó, tàbí tí wọ́n ń gbé e sí Instagram, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, pé Abẹ́òkúta ló ti wá, tí wọ́n sì ń gba ìlọ́po mẹ́rin owó rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni kẹ́ ẹ kọ̀wé nípa wọn sí FCCPC. Ẹ ra aṣọ náà, ẹ gba rìsíìtì, ẹ ya àwòrán ohun tí wọ́n kọ sí i kí wọ́n tó pa á rẹ́, ẹ kó aṣọ gidi tì í. Ẹ̀rí tó bá ṣeé fọwọ́ bà ń ṣe ju ìwé ẹ̀hónú lọ.

Ohun kejì ni àmì, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí agbára yín pọ̀ sí jù. Òfin àmì ìṣòwò wa, ti ọdún 1965, fàyè gba àmì kan tí kì í ṣe ti oníṣòwò kan ṣoṣo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́rìí: ibi báyìí ni ọjà yìí ti wá, ọ̀nà báyìí ni wọ́n fi ṣe é. Òfin ní ẹni tó bá ni irú àmì bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa ta irú ọjà náà fúnra rẹ̀. Torí náà màmá rẹ ò lè gbà á ní orúkọ ara wọn. Ẹgbẹ́ ni yóò gbà á, ẹgbẹ́ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí kò ní ìsọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa yẹ aṣọ wò kó sì máa fún àwọn tó yege ní àmì. Ẹ ó kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀, mínísítà á sì fọwọ́ sí i kó tó di ti òfin. Ẹ má rò pé wọ́n á gbà yín láyè láti fi ọ̀rọ̀ náà "àdìrẹ" nìkan ṣe tiyín. Orúkọ ọjà lásán ni lójú òfin, bíi kéèyàn fẹ́ ní "ìkòkò". Ẹ so ó mọ́ ìlú, kẹ́ ẹ sì ya àmì kan tì í.

Àwọn Guna, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ kan ní Panama, ló ń fún mi nígboyà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn obìnrin wọn ló ń ṣe mola, aṣọ oríṣiríṣi àwọ̀ tí wọ́n ń gé, tí wọ́n ń rán lé ara wọn, tí wọ́n sì ń fi ṣe bùbá. Òfin 20 ti ọdún 2000 sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ gbogbo àwọn èèyàn náà pa pọ̀, kì í ṣe ti ìjọba Panama, kì í sì ṣe ti ẹnì kan. Nígbà tó di ọdún 2019, Nike, ilé-iṣẹ́ bàtà Amẹ́ríkà, fẹ́ gbé bàtà kan jáde, wọ́n fi àwòrán mola sí i lára, wọ́n wá ní ọnà Puerto Rico ni. Àwọn Guna fi ohùn kan sọ̀rọ̀, Nike sì fa bàtà náà sẹ́yìn kó tó dé ọjà. Òfin Panama ò dé Amẹ́ríkà níbi tí Nike wà. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún wọn ni pé orúkọ ẹni tó ni ín ti wà lákọsílẹ̀ kí ìjà tó dé, wọ́n sì ní ìgbìmọ̀ kan tó lè sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wọn. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kọ̀wé lọ́la pé òun fẹ́ gbàṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aláró Abẹ́òkúta, ta ni yóò gba lẹ́tà náà? Bi màmá rẹ, kẹ́ ẹ jọ rò ó.

Bí màmá rẹ bá máa ń ya àwòrán tuntun tí ẹnikẹ́ni ò yà rí, ìyẹn ní ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ l'Ábùjá lábẹ́ òfin ti ọdún 1970 tó wà fún irú ọnà ara ọjà bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ààbò rẹ̀, wọ́n sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì, kó fi di 15. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ. Bó o bá ti fi í han gbogbo ayé lórí fóònù rẹ kó o tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, o ti fọwọ́ ara rẹ bà á jẹ́. Mo ti rí ọmọbìnrin tó sunkún ní ọ́fíìsì mi nítorí èyí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí màmá rẹ lè má fẹ́ gbọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ fara dà á. Irú ìjà yìí ti ṣẹlẹ̀ l'Abẹ́òkúta rí, kó tó di pé Ṣáínà dá sí i. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, sódà àti aró òyìnbó ti wọlé. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn tó ń wá ra àdìrẹ láti Gold Coast àti Senegal bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ ń ya, pé aró ń ṣí, ọrọ̀ ajé gbogbo ayé sì tún ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà yẹn. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró fárígá, wọ́n gba agbẹjọ́rò, ọ̀rọ̀ dé etí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Nígbẹ̀yìn, òfin náà ò dúró. Bí mo bá ń ka ìtàn yìí, mi ò mọ ẹni tí mi ò ní ṣàánú fún nínú wọn: àwọn tó ń gbèjà orúkọ rere iṣẹ́ náà, àbí àwọn obìnrin tó ní báwo làwọn ṣe fẹ́ jẹun bí àwọn bá tún padà sídìí èlú.

Sódà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò lónìí. Mi ò bá ẹni tó ń lò ó wí. Àmọ́ bí aró àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe bá ń ṣí sára aṣọ mìíràn lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí ti Ṣáínà kì í sì ṣí, kí ni kí oníbàárà ṣe? Kí àmì yín sọ òótọ́ níbẹ̀ náà. Kẹ́ ẹ ní èyí tí èlú pa láró, kẹ́ ẹ ní èyí tí aró òyìnbó pa, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára aṣọ, kí owó wọn má sì dọ́gba.

Owó gan-an ni ìdí tí wọ́n fi fẹ́ jáwọ́, mo mọ̀. Ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ sára aṣọ ọ̀pá márùn-ún ò lè bá ẹ̀rọ du owó láéláé. Tẹ́ru tí wọ́n ń rà náà, dọ́là ló ń pinnu iye rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ aṣọ wa ti kú. UNTL tó tóbi jù ní Kàdúná tilẹ̀kùn ní ọdún 2007. Ní ọdún 2019, báńkì àpapọ̀ ní òun ò ní ta dọ́là fún ẹni tó ń kó aṣọ wọlé mọ́, ó sì gbé òfin náà kúrò ní ọdún 2023. Àwọn tó ń kó o wọlé wá dọ́là níbòmíràn, aṣọ ò tán lọ́jà. Nítorí náà, mi ò ní kẹ́ ẹ jókòó máa retí kí ìjọba ti ìbodè. Kí màmá rẹ yéé tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ ẹ̀rọ kí àwọn èèyàn máa fi ojú owó wọ̀n wọ́n. Kí wọ́n máa ṣe é fún ẹni tó ti béèrè, kí wọ́n gba àsansílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ wọn àti orúkọ àwòrán sí etí aṣọ. Ní Òṣogbo àti l'Ékòó, Nike Davies-Okundaye, ìlúmọ̀ọ́ká aládìrẹ, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fi hàn pé ẹni tó bá mọ ọwọ́ tó ṣe aṣọ máa ń sanwó rẹ̀. Lọ wo ọgbà wọn kó o rí i.

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ tìrẹ, kò sì nílò agbẹjọ́rò. Mú ìwé àti fóònù, jókòó ti màmá rẹ lọ́jọ́ tí wọn ò lọ sọ́jà. Kí wọ́n gbé gbogbo àdìrẹ tó wà nínú àpótí jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, béèrè orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tó kọ́ wọn, àdúgbò wo, ìgbà wo. Kọ déètì sí i. Gba ohùn wọn sílẹ̀, má sì tíì gbé e síta fún ayé rí, tọ́jú rẹ̀. Ìwé tí ẹgbẹ́ yóò gbé lọ sí Ábùjá, inú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò ti jáde. Bẹ́ ẹ bá parí rẹ̀, kọ̀wé sí mi padà, kó o sọ iye orúkọ tẹ́ ẹ rí fún mi. Kó o sì bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń dá omi eérú, torí ìyá ìyá mi kú kí n tó gbọ́n tó láti béèrè.